Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kà Láti Iwájú

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú, kì í sì í ṣe pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo pè é dáadáa. Pípè tí mo pè é dáadáa náà gan-an ni mo fi dẹ́rù ba ìyá mi. Lẹ́tà 22 ni ọ̀rọ̀ náà ní, electroencephalography, ìlà kan ṣoṣo ni ó sì gbà lórí ìwé tí dókítà fi ní kí Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀.

"Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi," ni Màmá wí. Mo kà á, n kò kọsẹ̀ rárá. Kí n má purọ́, inú mi tilẹ̀ dùn sí bí ó ṣe já geere lẹ́nu mi. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó wò mí títí, ó wá bi mí pé, "Ṣé orúkọ ohun tí ó ń ṣe mí nìyẹn ni, àbí orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi?"

Mo rò pé mo ní ìdáhùn. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni mo ti mọ àwọn ègé Gíríìkì tí wọ́n fi hun ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà mo fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. "Ẹ wò ó, Màmá, iná mànàmáná ni ti iwájú yìí. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni inú orí..." N kò tíì dé ègé ìkẹyìn tí ó fi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Iná mànàmáná? Nínú orí tèmi?" Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ inú àpò rẹ̀, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi iná sí òun lórí kí ó máa lọ, òun kò lọ sí ibì kankan.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni pé n kò parọ́. Iná mànàmáná wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, inú orí náà sì wà níbẹ̀. Òótọ́ méjì ni mo sọ fún Màmá, àwọn méjèèjì pa pọ̀, wọ́n di irọ́.

Iṣẹ́ ẹnu

Mo kọ́kọ́ rò pé bí mo ṣe pín ọ̀rọ̀ náà ni kò dára tó. Mo jókòó, mo pín in sí sílébù bí àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é: e-lec-tro-en-ceph-a-log-ra-phy. Sílébù 9 ni. Mo wá fi í sílẹ̀ fún ẹnu Yorùbá kí ó pè é bí ó ṣe fẹ́: ì-lẹ́-kí-tí-rò-ẹ-ń-sẹ-fà-lọ́-gí-rá-fì. Ó di 13. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà fáwẹ́lì ní láti wọ àárín wọn bí ẹni tí ń la ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni lec ṣe di lẹ́-kí, tí tro di tí-rò, tí n inú en sì dá dúró ní sílébù gedegbe pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe nínú ò-ǹ-kà.

Kò sí ohun tí ó burú nínú gbogbo èyí. Ẹnu ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ọ̀rọ̀ ṣe é sọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo sílébù keje nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, log. Ẹni tí ó bá ti rí biology tàbí geology rí yóò fò mọ́ ọn pé òun ti rí ègé tí ó túmọ̀ sí ìmọ̀. Kò sí ìmọ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́tà l jẹ́ ti ègé tí ó túmọ̀ sí orí, o jẹ́ okùn tí wọ́n fi so ègé méjì pọ̀, g sì jẹ́ ti ègé tí ó túmọ̀ sí kíkọ. Ẹnu ni ó gé ìrù ẹnì kan, tí ó gé imú ẹlòmíràn, tí ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, tí wọ́n sì wá jọ ẹni kẹta tí kò sí nínú ilé.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìfura. Ẹ pín asọ̀rọ̀mágbèsì sí sílébù, ẹ ó rí a-sọ̀-rọ̀-má-gbè-sì. Níbo ni gba wà nínú rẹ̀? Fáwẹ́lì rẹ̀ ti lọ, è inú èsì sì ti jókòó sí àyè rẹ̀. Gbè tí ó kù kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti gbígbà, ìdajì jẹ́ ti èsì. Nínú amóhùnmáwòrán, mú farahàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni fáwẹ́lì rẹ̀ sì sá lọ, tí ohùn òkè rẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù bí aṣọ tí onílé gbàgbé sórí okùn. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣókùnkùn sí, nítorí pé etí wa ti mọ ibi tí wọ́n ti so wọ́n kí ẹnu wa tó pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ àjèjì ni kò fún wa ní àǹfààní yẹn. Sílébù nìkan ni a ń bá níbẹ̀.

Nǹkan méjì tún wà nínú pípè rẹ̀ tí mo fẹ́ kàn mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kì í dúró sójú kan: nínú electroencephalogram, ceph ni wọ́n ń tẹ̀ jù, bí ó bá di electroencephalography, log ni, bí ó bá sì di electroencephalographic, graph ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìdílé kan náà, ṣùgbọ́n ẹrù náà ń ti èjìká dé èjìká. Ohun tí ó sún mọ́ èyí jù lọ lọ́dọ̀ wa ni ohùn, àmọ́ ohùn tiwa kì í kó jọ sí ẹyọ sílébù kan. Sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sábà máa ń sọ ibi tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ di ohùn òkè nígbà tí a bá yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Èkejì ni ìjà láàárín sef àti kef, nítorí àwọn oníṣègùn kan ń pe c inú ceph bí s, àwọn kan sì ń pè é bí k. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú wọn. Lẹ́tà kápà ni àwọn Gíríìkì fi kọ ọ́, ó sì ń dún bíi k. Àwọn ará Róòmù fi c tiwọn rọ́pò rẹ̀, c náà sì ń dún bíi k nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ó rọ̀ níwájú e àti i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, John Hughes àti Hans Kosterlitz, rí àwọn èròjà kan nínú ọpọlọ ní Aberdeen, ní Skọ́tíláǹdì, ní 1975, tí wọ́n sì fún wọn lórúkọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà yìí, k ni wọ́n fi kọ ọ́, enkephalin, kò sì sí ẹni tí ó ń bá a jà lórí pípè rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó yọ o kúrò

Bí a bá fi ti ẹnu sílẹ̀, tí a wá ọ̀nà lọ sí egungun ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a óò bá níbẹ̀ kò pọ̀. Ēlektron ni orúkọ tí àwọn Gíríìkì fún oje igi àtijọ́ tí ó ti gan di òkúta aláwọ̀ wúrà. Bí ènìyàn bá fi aṣọ ra á dáadáa, yóò máa fa ìyàngbò mọ́ra. Ní 1600, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Gilbert, sọ orúkọ oje yìí di ọ̀rọ̀ Látìn fún gbogbo ohun tí ó bá ń fa nǹkan mọ́ra lọ́nà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni iná mànàmáná ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. En túmọ̀ sí nínú. Kephalē túmọ̀ sí orí. Òun náà ni ó wà nínú orúkọ ẹṣin Alexander, ọba jagunjagun ayé àtijọ́, Bucephalus, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ orí màlúù. Bí a bá pa en àti kephalē pọ̀, a rí enkephalos, ohun inú orí, èyí tí í ṣe ọpọlọ. Graphein ni kíkọ, ó sì ti kọ́kọ́ túmọ̀ sí fífín nǹkan kí ó tó di kíkọ ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó kó wọn jọ ni Hans Berger, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ ní Jena, ní Jámánì. Ní 1924 ni ó kọ́kọ́ rí ìgbì iná ọpọlọ ènìyàn gbà sílẹ̀, ọdún márùn-ún gbáko ni ó sì fi ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó gbé e jáde ní 1929. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Elektrenkephalogramm. Ẹ tún un wò dáadáa: kò sí o láàárín elektr àti enkephalo. Berger mọ òfin àwọn Gíríìkì pé fáwẹ́lì tí a fi ń so ọ̀rọ̀ máa ń yàgò bí ó bá pàdé fáwẹ́lì mìíràn, bí fáwẹ́lì ṣe ń yàgò lẹ́nu wa tí ṣe àti iṣẹ́ fi di ṣiṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá o padà sí àyè tí kò sí tẹ́lẹ̀, tí o àti e fi wá dojú kọ ara wọn láàárín ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ṣáájú Berger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Vladimir Pravdich-Neminsky, ti gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti inú ọpọlọ ajá, ó sì ti pè é ní electrocerebrogram. Berger kò gba orúkọ náà wọlé. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Gíríìkì ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí àárín rẹ̀ jẹ́ Látìn, ó sì ka irú àdàlù bẹ́ẹ̀ sí ìwà àìmọ̀ọ́kọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Berger wo ilé, ó tún wo òrùlé. Èmi kò rò pé ó tó ohun tí à ń bínú sí, nítorí pé television náà jẹ́ àdàlù Gíríìkì àti Látìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkùnrin tí ó fi ọdún márùn-ún ṣiyèméjì nípa ohun tí ó rí, tí kò sì ṣiyèméjì ìṣẹ́jú kan nípa bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀.

Bébà mẹ́ta lórí tábìlì

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ni mo mọ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe sí Màmá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ya bébà sí mẹ́ta, mo kọ electro sí ọ̀kan, encephalo sí èkejì, graphy sí ẹ̀kẹta, mo sì tò wọ́n sórí tábìlì. Mo wò wọ́n títí, n kò rí nǹkan tuntun. Nígbà tí oorun ń kùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, ti ọwọ́ ọ̀tún sì ni ó súnmọ́ ọwọ́ mi jù. Graphy: kíkọ sílẹ̀. Mo mú èyí tí ó tẹ̀ lé e: ohun inú orí. Mo mú ti ìkẹyìn: iná. Ọwọ́ mi dúró lójú kan. Mo kà á sókè bí mo ṣe ṣà á, mo gbọ́ Yorùbá: àkọsílẹ̀ ohun inú orí, láti ara iná rẹ̀.

Bí àwọn Gíríìkì ṣe ń so ọ̀rọ̀ ni pé ègé ìkẹyìn ni ó ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Àwọn tí ó wà níwájú kàn ń dín in kù ni, wọ́n ń sọ irú èyí tí ó jẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ gbọ́, kí a tó mọ ibi tí ó ń rìn. Gíríìkì yóò sọ ọ́ bí ojú-omi-ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún etí Yorùbá ní láti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni à ń dà sẹ́yìn o, nítorí pé nínú encephalo fúnra rẹ̀, en ni ó ṣáájú orí, bí inú ṣe ń ṣáájú orí lẹ́nu tiwa. Ègé náà ni à ń dà sẹ́yìn. A kì í fọ́ ọ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìdáhùn ìbéèrè Màmá wà níbẹ̀ kedere. Ó bèèrè bóyá orúkọ ohun tí ó ń ṣe òun ni tàbí ti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun, ìrù ọ̀rọ̀ sì ni ibi tí àwọn oníṣègùn ń kọ ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ encephalitis, itis ìparí rẹ̀ yóò sọ fún wa pé ara ń wú, àìsàn ni. Bí ó bá jẹ́ encephalopathy, àìsàn náà ni. Ṣùgbọ́n scopy jẹ́ wíwò, tomy jẹ́ gígé, graphy jẹ́ kíkọ sílẹ̀ tàbí yíyàwòrán. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní tèmi, lẹ́tà mẹ́fà tí ó wà lẹ́yìn náà gan-an ni mo fò dá, tí mo lọ fi ìka tọ́ka sí iná.

Mo tún lọ bá a. "Màmá, ẹ má bínú, mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sódì fún yín ni. Wọn kò ní fi nǹkan kan sí yín lórí. Wọ́n fẹ́ kọ ohun tí orí yín ń ṣe sílẹ̀ ni, láti ara iná tí ó ń ti ibẹ̀ jáde." Mo ṣàlàyé fún un pé àwo irin kéékèèké bíi 20 ni wọn óò fi ohun tí ó dà bí ìpara lẹ̀ mọ́ awọ orí rẹ̀, pé wáyà yóò ti ara wọn lọ sínú ẹ̀rọ, pé iná tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́ kéré débi pé bí a bá pín fóltì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ìpín bẹ́ẹ̀ ni à ń kà, àti pé bí ó bá di ojú rẹ̀, ìgbì kan tí ó ń lọ sókè sódò bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè farahàn, kí ó sì rọlẹ̀ bí ó bá la ojú. Berger ni ó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì sọ ìgbì náà lórúkọ.

Màmá dákẹ́. Ó ní, "Ṣé láti ọjọ́ yìí ni iná ti wà lórí mi, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?" Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwé náà jáde, ó sì tú u láti inú ká mẹ́rin tí ó ká a.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni mo jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mo gbé ègé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò ó, mo kó o lé Màmá lọ́wọ́, mo sì rò pé òtítọ́ ègé ni òtítọ́ ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀bẹ ti ṣìnà

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ti rí kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ wo helicopter. Ní 1861, Gustave Ponton d'Amécourt ti ilẹ̀ Faransé so helix, ohun tí ó lọ́, mọ́ pteron, ìyẹ́ apá, ó sì rí hélicoptère. Ibi tí ìtumọ̀ ti pín ni ẹ̀yìn helico. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí kò lè bẹ̀rẹ̀ sílébù pẹ̀lú pt gé e sí ẹ̀yìn heli, nígbà tí ó sì pẹ́, copter di ọ̀rọ̀ tí ń dá rìn, heliport, ibi tí ó ń balẹ̀ sí, sì tẹ̀ lé e. Ẹnu ṣàṣìṣe, àṣìṣe náà sì di òfin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣàtúnṣe rẹ̀ báyìí, òun ni wọn yóò máa fi ṣẹ̀sín.

Átọ̀mù ń kó mi ní ìrònú ju èyí lọ. A ni àìṣe, tom ni gígé: ohun tí kò ṣeé gé. Ní 1932, John Cockcroft àti Ernest Walton gé àárín átọ̀mù lithium, orúkọ náà kò sì yí padà. Oje igi ṣì wà nínú iná mànàmáná. Àyẹ̀wò Màmá fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kíkọ, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni ìgbì rẹ̀ ti ń sáré kọjá, kò sí gègé, kò sí bébà. Ègé ọ̀rọ̀ ń sọ ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ rò lọ́jọ́ tí ó sọ ọ́. Kò bá ohun náà dàgbà.

Wọ́n sì tún máa ń fi lẹ́tà 45 ti pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis, orúkọ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan, yangàn. Ní 1935 ni wọ́n hun ún, nítorí kí ó lè gùn nìkan ni wọ́n sì ṣe hun ún, Gíríìkì àti Látìn dà rú nínú rẹ̀ débi pé Berger ìbá ti kó ìwé rẹ̀ kúrò nílẹ̀. N kò ní nǹkan kan í bá a ṣe.

Ní ọjọ́ tí Màmá ti ibi àyẹ̀wò dé, tí irun rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ra, àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ohùn àbúrò rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò dùn yín? Ṣé òótọ́ ni pé iná ni wọ́n fi sí i?"

"Rárá o. Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Wọ́n kàn ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n wá ń kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀."

"Kí ni ó wá sọ?"

"Wọn ò tíì kà á fún mi," ni Màmá dáhùn, ó sì fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo èmi.